Ẹni Tó Ń Fi Ìṣubú Jẹun

Tíì ń dà sórí aṣọ tábìlì. Ife tó yẹ kó bọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó gbẹ, kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Gbìì di jọ́ọ̀gì mú dáadáa, ó ń ṣàlàyé bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ṣe sọnù, ó sì ń da tíì náà lọ ràì bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Gbìì tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ gbá tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde láti wá àkísà.

"Ẹ gbà mí o," ni màmá wí, ó ń nu ojú. "Ọmọ tí mo rán níléèwé kó lè di akọ̀wé báńkì. Ó kúkú di akọ̀wé lóòótọ́. Tíì ló fi ń kọ̀wé."

"Ẹ̀yin náà sì ń rẹ́rìn-ín, Màmá," ni ìyàwó wí.

"Kí n má rẹ́rìn-ín kẹ̀? Ṣùgbọ́n aṣọ tábìlì mi ló ń bà jẹ́. Kó lọ máa ṣe é lórí aṣọ tiwọn lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un."

Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tí àya rẹ̀ ń já nítorí ìṣubú. Bí bàbá bá forí gbá ilẹ̀kùn, wọ́n á kí i kú iṣẹ́. Bó bá fẹ́ jókòó tí àga kò sí lábẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ á ní kó tún un ṣe, òun kò rí i dáadáa. Ohun tó fi ń bọ́ wọn nìyẹn. Gbìì tí gbogbo ìlú ń pè é kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìró tí ara rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tó bá balẹ̀ lórí pákó ìtàgé ni wọ́n fi ń pè é.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ máa ń kún fọ́fọ́ nítorí rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Kò sí orin, kò sí gbohùngbohùn. Á wọlé pẹ̀lú kóòtù kan tó tóbi jù ú lọ, á ṣe bí ẹni tó ń wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí kò sí nǹkan níbẹ̀ ju tábìlì kan àti àga kan lọ, gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà pàdánù àga ni yóò sì gbà pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á na ọwọ́ sáàárín èrò, ẹni tó bá wù á gbé nǹkan lé e lọ́wọ́: agboòrùn, bàtà ọmọdé, ìdérí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa fi í ṣe. Òun alára kò mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Odidi gbọ̀ngàn á dákẹ́, wọ́n á na ọrùn bí ẹni tó ń wo ẹyin tó ti sán tí ọmọ inú rẹ̀ kò tíì yọjú. Àwọn adití ìlú náà ní ìlà àga tiwọn níwájú, nítorí pé níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, tí wọn kì í dúró de ẹni tó máa ṣàlàyé fún wọn.

Ìyàwó Gbìì kì í jáde sí ìtàgé. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Kóòtù tó ya ló gbé e dé gbọ̀ngàn náà. Ó lẹ kóòtù, ó sì fẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, òun ló ń to ẹrù sórí ìtàgé, òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹsẹ̀ tábìlì àti ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ wà, á wá dúró sẹ́yìn kọ́tìnì títí ọkọ rẹ̀ á fi parí. Ó ti wo ìṣubú yẹn débi pé ó lè fi ojú inú rẹ̀ tú u palẹ̀ bí aṣọ tí èèyàn fẹ́ tún rán. Ó mọ̀ pé ìṣubú fúnra rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin kan bá ṣubú lójú títì, àwọn èèyàn á sáré lọ gbé e. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni ohun tí Gbìì ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti balẹ̀ tán. Á yí ojú sí wọn, á wò wọ́n wàì, bí ẹni pé àwọn ló fa àga náà kúrò. Wíwò yẹn ló ń sọ fún wọn pé kò sóhun tó ṣe é. Wíwò yẹn ló ń fún wọn láyè láti rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyí tó fi dúró gbagidi pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Tíì ti dà tán, ilé ti rẹ́rìn-ín tán, ọkọ rẹ̀ kò sì tíì wo ẹnikẹ́ni. Iwájú gan-an ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń rá lórí aṣọ tútù náà, ó ń wá ife.

"Ẹ ò wò wá," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ta ni mi ò wò?"

"Àwa. Ẹ da tíì, ẹ ò sì wò wá."

"Hẹn-ẹ́n, mo gbàgbé ni." Gbìì wá wò wọ́n nígbà náà, ó la ẹnu, ó gbé ìpéǹpéjú sókè. Ọmọ rẹ̀ tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ó sì dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn tó ti wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó rí i pé ọkọ òun kì í fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ mọ́. Gbogbo orí ló ń yí, bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Ó rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ máa ń fara kan ògiri tó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ béèrè, ó tún ń rò ó pé bóyá àwàdà tuntun ló ń fi ara kọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe: á kó iṣẹ́ wálé, á máa fi gbogbo wọn dánra wò. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó gbé garawa omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ríran kò ní ṣàì rí i, ó sì lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn.

Gbìì jáde láti yàrá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ garawa. Ó ṣubú, ìṣubú tó mọ́ tónítóní, ọwọ́ méjèèjì lọ sókè, ìdí balẹ̀ sínú omi. Kò gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí ojú, ó wò wàì. Ilé ìdáná ló wò. Kò sẹ́nì kankan nílé ìdáná.

"Èmi nìyí," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti orí àtẹ̀gùn. "Apá ọ̀tún yín ni mo wà."

Gbìì yí gbogbo orí sí apá ibẹ̀.

"Ìwọ lo gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"O burú."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀." Ó fún apá kóòtù rẹ̀, omi ń ro. "Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń ti ilẹ̀kùn méjì wá pàdé láàárín. Àárín ṣì wà. Bí mo bá kọjú sí ẹ báyìí, mo rí ẹ. Mo rí imú ẹ. Mi ò rí etí ẹ."

"Kí ni dókítà ojú sọ?"

"Ta ló sọ pé mo lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó fún mi ní oògùn tí mo ń kán sójú, kí èyí tó kù lè pẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ sì lọ láìsọ fún mi."

"Mo sọ fún ẹ pé mò ń lọ gẹrun."

"Irun ò sì kúrò lórí yín!"

"Ìwọ lo ní ó wuyì."

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti ń yìn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn wá sí i lọ́kàn. Wọ́n ní Gbìì ti di ọ̀tun. Ẹnì kan gbé ìgbálẹ̀ fún un, ó gbé e sáyà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ jòjòló, ó sì fi ìka sétè kí àwọn èrò má bàa jí i. Ẹlòmíràn gbé àpò ìwé fún un, ó kan àpò náà bí ilẹ̀kùn, ó dúró, ó tún irun ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yé e pé nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn náà, ọkọ òun kò mọ ohun tí wọ́n ń gbé lé òun lọ́wọ́ ni. Ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń mú ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

"Àkàbà ọjọ́ Sátidé ńkọ́?" ló bi í.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn ti lẹ àwòrán àkàbà náà mọ́ gbogbo ògiri ìlú. Ní òpin eré, Gbìì á gun orí tábìlì, á kẹ̀yìn sí àkàbà onígi gíga kan, á ju ara rẹ̀ sẹ́yìn, á sì fọwọ́ mú àkàbà náà lókè orí láìwo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àkàbà náà, kò sí nǹkan mọ́ àfi ibi tí ìtàgé parí sí, àti sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀.

"Ẹ ò ní ṣe é," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ojú kọ́ ni mo fi ń ṣubú. Àkàbà yẹn, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Bí mo tiẹ̀ ní ojú mẹ́rin, mi ò ní rí i."

"Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ̀. Á gbé e kúrò níbẹ̀."

"Bó bá mọ̀, á gbé èmi náà kúrò." Ó dìde, omi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Ta ló fẹ́ sanwó kó lè fi afọ́jú tó ṣubú rẹ́rìn-ín? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, bí mo bá ti kọsẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á sáré wá gbé mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi. Ẹnu mi ni kí ọ̀gá ti gbọ́ ọ, nígbà tó bá yá. Ṣèlérí fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ gbé garawa náà kúrò lọ́nà. "Mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni màá to àkàbà yẹn. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kàn án."

"Ta ló tún kù?" ni Gbìì wí. "Ìwọ náà kúkú ni."

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé máa fi pé, àmì ṣọ́ọ̀kì tí ìyàwó Gbìì fà sórí pákó ti ki, ó funfun, bí ẹni pé ọmọdé ló fi ìbínú fà á. Ó gbé àkàbà náà lé e. Ó tún un gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú wọn ọ̀nà tó ti ibi tábìlì wá, ó sì lọ dúró síbi tó máa ń dúró sí.

Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sórí ilẹ̀. Eré náà lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Gbìì pàdánù àga. Ó pàdánù rẹ̀ láti iwájú, ó pàdánù rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó bẹ àga náà, ó bínú sí i, ó ṣe bí ẹni ń lọ ilé, ó wá sáré padà kó lè ká a mọ́lé. Ọkùnrin kan ní ìlà iwájú ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró nítorí ẹ̀rín.

Nígbà tó na ọwọ́ sí èrò, mẹkáníìkì kan tó sanra dìde lẹ́yìn, ó gbé táyà ọkọ̀ kan sókè. Ó dájú pé ó ti gbé e wá láti ilé nítorí èyí. Àwọn èrò pariwo. Gbìì fọwọ́ pè é sórí ìtàgé. Ó gba táyà náà mọ́ra, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, ó ronú, ó wá kó sínú rẹ̀, ó gbé e mọ́ ìbàdí, ó sì di ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń rọra wọlé pẹ̀lú yẹ̀rì tó wúwo jù ú lọ. Ó fi ọwọ́ kọ́ mẹkáníìkì náà lápá bí ọkọ rẹ̀. Ilé fẹ́ wó.

Ìyìn ti gun mẹkáníìkì náà lórí. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó tẹrí ba fún èrò bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ìdí rẹ̀ gbá àkàbà. Àkàbà náà họ lórí pákó, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúró. Àwọn èrò tún rẹ́rìn-ín. Gbìì gbọ́ ẹ̀rín náà, ó rò pé ti táyà ni, ó tún yẹ̀rì rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ìyàwó rẹ̀ rí àmì ṣọ́ọ̀kì náà ní ìhòòhò.

Àkàbà wà ní apá kejì ìtàgé. Kò lè dé ibẹ̀ kí wọ́n má rí i. Ó juwọ́ sókè sí oníná tó ń tan iná ìtàgé pé kó pa gbogbo iná. Oníná ti fara ti ògiri, ó ń fi aṣọ nu ojú, kò wo ìsàlẹ̀. Bó bá pariwo, eré tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Gbìì ti bọ́ táyà sílẹ̀. Ó ti gun orí tábìlì. Ó ti kẹ̀yìn. Ó ń rọ orúnkún.

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ìwọ ọkùnrin yìí!"

Gbìì dúró, orúnkún rẹ̀ ṣì rọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin kan ló dúró nínú iná yẹn, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì kún ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà.

"Ìwọ ni mò ń bá wí! Kí lò ń wá lórí tábìlì? Láti àárọ̀ lo ti jáde pé o fẹ́ lọ jókòó! Àga mẹ́rin ló wà nílé, o ò jókòó sórí ọ̀kankan rí! Sọ̀ kalẹ̀!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́ káàkiri gbọ̀ngàn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ Gbìì, pé ohunkóhun tó bá wọ orí ìtàgé, àlejò ni, kò gbọ́dọ̀ lé e. Kò mọ ohun tó dé. Ó gbé ọwọ́ sétí. Ó yí ojú lọ sí apá òsì, ó wá obìnrin náà, kò rí i. Ó yí ojú sí òkè àjà, ó wá a níbẹ̀. Àwọn èrò ń pariwo, "Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!"

"Ibi tí mo wà nìyí, olórí kunkun! Tẹ̀ lé ohùn mi! Àbí wọ́n ti jókòó lé etí ẹ ni?"

Gbìì fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀, bí ẹni tó ń tọ omi wò bóyá ó tutù. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, orí nílẹ̀, ọmọ iléèwé tí wọ́n ká mọ́ orí igi. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, obìnrin náà ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọbẹ̀ tó ti tutù, ilẹ̀kùn tí kò tún ṣe, aṣọ tábìlì ìyá rẹ̀ tó bà jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́, kò sì mọ̀. Àwọn adití ìlà iwájú kò pàdánù ohun kan.

Ó mú un létí, ó fà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà. Gbìì na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ fara kan igi náà. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹsẹ̀ wá etí ìtàgé, ó rí i, ó sì mọ ibi tí àkàbà wà àti ibi tó yẹ kó wà. Obìnrin náà rí i tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó wà nítòsí débi tó fi lè rí i.

Lẹ́yìn náà, Gbìì kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, èrò dìde, kọ́tìnì sì bo ìtàgé.

Ní yàrá ìmúra, Gbìì jókòó, ó sì ń nu àtíkè ojú rẹ̀ kúrò fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"O sọ̀rọ̀," ló wí níkẹyìn.

"Mo sọ̀rọ̀."

"Lórí ìtàgé mi."

"Kí n dákẹ́, kí n wá máa ṣa yín nílẹ̀?"

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó la ẹnu níbẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló kù."

Ìyàwó rẹ̀ mú kóòtù tó ti rin gbindin fún òógùn, ó na án kọ́ ẹ̀yìn àga.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn kò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó máa ń sáré sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa! Níbo lẹ ti ń fara pamọ́ sí látọjọ́ yìí? Gbìì, ìwọ náà ò da, o tọ́jú irú èyí sẹ́yìn kọ́tìnì. Ta ló ronú ẹ̀? Rárá, ẹ má sọ fún mi. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kó ju ara ẹ̀ mọ́ àkàbà o. Àwọn èrò fẹ́ àkàbà. Wọ́n ń béèrè."

Ìyàwó Gbìì wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó wúwo, ó gbóná. Ó tẹ ètè pọ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kóòtù tí kò nílò kíká.

"Àkàbà ti parí," ni Gbìì wí.

"Kí ló ṣe àkàbà?"

"Mi ò rí i."

Ọ̀gá gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá itan rẹ̀. "O ò rí i! Àkàbà tó ga ju ilé lọ, o ò rí i!"

"Mi ò rí ẹ̀gbẹ́ kankan mọ́, ọ̀gá. Bẹ́ ẹ ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, ohùn yín ni mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan."

Ọ̀gá náà tún rẹ́rìn-ín, ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó ń dúró de ìyókù àwàdà náà. Ó wo Gbìì, ó wo ìyàwó, ó tún wo Gbìì, ẹ̀rín náà sì ń bọ́ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀dà tí òjò ń fọ̀. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta tó wà níbí."

"Àwọn èrò ńkọ́? Bí wọ́n bá gbọ́..." Ó yọ aṣọ ìnujú, kò fi nu nǹkan kan. "Màá ní kí wọ́n gbé àkàbà lọ. Ẹ ṣe ti Sátidé tó ń bọ̀, ká wò ó. Mi ò lè ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Gbìì." Ó dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bóyá kí òun na ọwọ́ sí ẹni tí kò ní rí i. Ó fi ọwọ́ kan an léjìká, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá ti dúró dè wọ́n nídìí tábìlì.

"Mo gbọ́ pé o bú ọmọ mi níwájú gbogbo ìlú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kí lo pè é?"

"Olórí kunkun, Màmá."

"Ìyẹn nìkan?" Màmá ṣe họ̀ọ́. "O ò dárúkọ ìmẹ́lẹ́? O ò sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bí ẹsẹ̀ tábìlì? Wá jókòó síbí. Èmi tí mo bí i, mo ní tó pọ̀."

Gbìì ń fi búrẹ́dì sẹ́nu. Ejìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Nígbà tó jẹun tán, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan fún màmá, ó sì tẹ̀ lé e wọ yàrá. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí màmá jáde, ó kó gbogbo bàtà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tò wọ́n mọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn. Káfíńtà ti gbé àkàbà lọ. Gbìì dúró láàárín ìtàgé, ó di ojú rẹ̀ pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, kò mọ̀ bóyá kí òun bọ́ síwájú tàbí kí òun dúró síbi tí òun wà.

"O ti wọlé?" ni Gbìì béèrè.

"Mo ti wọlé tipẹ́."

"Mi ò gbọ́. Bàtà wo lo wọ̀?"

"Bàtà rọ́bà. Ṣé èèyàn tún ń wọ òmíràn lẹ́yìn kọ́tìnì ni?"

"Lọ wo inú àpótí aṣọ. Wá èyí tó ń dún."

Ó wá a. Bàtà onígìgísẹ̀ pupa kan ló wà nísàlẹ̀ àpótí, ó tóbi jù fún un. Ó fi pépà dí orí rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́. Ó dúró lórí pákó.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kó máa darí mi," ni Gbìì wí, ojú rẹ̀ ṣì dì. "Ìwọ̀nba ni kó o máa sọ. Bó bá wù ọ́ pé kó o bú mi, bú mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ ni kí n máa gbọ́."

"Àwọn èrò ńkọ́? Wọ́n á mọ̀ níjọ́ kan."

"Wọ́n á mọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ó rọra gbé e kalẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ó kọjá. Ọkọ rẹ̀ kò yí orí.

"O ti rìn?"

"Mo ti rìn."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Obìnrin náà wo àwọn àga tó ṣófo nísàlẹ̀, ìlà lórí ìlà, títí dé ibi tí òkùnkùn gbé wọn mì. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, ó sì fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ pákó náà.